Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Bá Onílé Ṣọ́ Ráńṣì Nínú Aṣálẹ̀ Arizona Nígbà Tẹ́ Ẹ Bá Ń Gbé Inú RV

Ohun tó ń já àwọn èèyàn wa kulẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ilé. Ilé ò ṣòroó ṣọ́ rárá, omi ló ń já wọn kulẹ̀. Wọ́n á dé ráńṣì (oko ńlá tí wọ́n ti ń sin ẹran) lọ́jọ́ tí onílé ń rìnrìn-àjò gan-an, onílé á mú wọn yí ọgbà ká fún wákàtí kan, á kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn odi, tó bá wá di ọjọ́ kẹta, táǹkì á gbẹ, ẹṣin á dúró ti ọpọ́n omi á máa wò wọ́n lójú, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí bíréékà pọ́ǹpù wà. Ó ṣe èmi àti ọkọ mi rí ní ráńṣì àkọ́kọ́ tá a bá wọn ṣọ́, nítòsí Willcox ní Arizona, torí náà bá a ṣe ń ṣe é nísinsìnyí ni mo kọ síbí, látìgbà tẹ́ ẹ bá gbà títí dìgbà tẹ́ ẹ bá dá kọ́kọ́rọ́ padà. RV tí mò ń sọ, mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ni, èyí tẹ́ ẹ máa páàkì sínú ọgbà onílé.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, àti surge protector tó máa ń já iná fúnra ẹ̀ tí fóltéèjì ò bá dáa
- Hóòsì omi mímu, pẹ̀lú irin kékeré tó ń dín agbára omi kù kó má bẹ́ páìpù RV
- Kẹ́ẹ̀gì omi mímu tó máa tó yín fún ọjọ́ 3, ẹ má fi ọwọ́ kàn án àfi tí nǹkan bá bàjẹ́
- Tọ́ọ̀ṣì 2, àti tọ́ọ̀ṣì UV kan (ti àkeekèé nìyẹn)
- Ìwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ nǹkan rọ̀, láti fi wọn koríko ẹṣin
- Sípánà, páláyà, tépù funfun táwọn pùlọ́ḿbà fi ń wé ojú páìpù
- Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ibọ̀wọ́ aláwọ, òòyà eléyín gígùn (mo máa sọ ìdí ẹ̀)
- Máákà dúdú àti ìwé kékeré kan

1. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbà

Ẹ má gbà lórí fọ́tò. Ẹ pe onílé, kó fi fídíò rìn yí ọgbà ká fún yín, ẹ sì béèrè láìtijú: ẹran mélòó ló wà níbẹ̀, ṣé kànga ni àbí omi tí tánkà ń gbé wá, ṣé sólà ló ń fa pọ́ǹpù àbí iná wáyà, ṣé mọ́tò tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30 ti gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé rí, aládùúgbò wo ló lè dé láàárín ìdajì wákàtí, ṣé inú ilé lẹ máa sùn àbí inú RV. Àti èyí táwọn èèyàn máa ń tijú bi: èló lẹ láṣẹ láti ná tí ẹran bá ṣàìsàn tí onílé sì wà nínú ọkọ̀ òfuurufú? Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì pe dókítà ẹranko ẹ̀ kó sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ wà nílé.

Ẹ bá wọn ṣètò aago náà. Arizona kì í yí aago bíi tọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù (àfi ilẹ̀ àwọn Navajo), torí náà onílé tó lọ sí New York á fi wákàtí 2 ṣáájú yín nígbà òtútù, á di 3 nígbà ooru, ibẹ̀ ni ìpè ti máa ń pàdánù ara wọn. Èkó ní tiẹ̀, wákàtí 8 ni yípo ọdún, ìyẹn ò da ẹnikẹ́ni láàmú.

Ìkìlọ̀ fẹ́yin tẹ́ ẹ máa ti Nàìjíríà tàbí London wá pẹ̀lú físà àlejò: kéèyàn ṣọ́ ilé kí wọ́n sì fún un níbi tó máa sùn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ bọ́dà lè kà á sí iṣẹ́, wọ́n sì lè dá yín padà láti pápákọ̀. Ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní green card, ẹ má fi sílé o, torí Border Patrol, àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́dà, máa ń dá mọ́tò dúró lójú títì I-19 àti Highway 90 tó jìnnà sí bọ́dà fúnra ẹ̀, òfin sì ni pé kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní ìwé ẹ̀ lára.

Ẹ wò ó: tẹ́ ẹ bá ti lè sọ iye ẹran, ibi tí omi ti ń wá àti orúkọ aládùúgbò láìwo ìwé, ẹ lè gbà.

2. Ẹ dé ní ọjọ́ 2 ṣáájú kí onílé tó lọ

Mi ò ní yé sọ èyí. Ọjọ́ kan ò tó, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ RV yín lẹ máa fi to, ọjọ́ kejì lẹ máa kọ́ iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ọ̀dà pin, ẹ dúró. Ẹ má tẹ̀ lé máàpù fóònù wọ ojú ọ̀nà eruku, máàpù ò mọ̀ pé RV lẹ ń wà. Ẹ fi mọ́tò kékeré tàbí ẹsẹ̀ lọ wo ọ̀nà náà kọ́kọ́, pàápàá ibi tí ojú àgbàrá gbígbẹ bá ti gé ọ̀nà kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní wash. Ẹ rìn wọnú iyanrìn ẹ̀, tí bàtà yín bá rì dé ọrùn ẹsẹ̀, RV ò ní kọjá. Ẹ tún wo ara igi àti wáyà ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: ẹ máa rí igi wẹ́wẹ́ àti koríko gbígbẹ tó há síbẹ̀, nígbà mìíràn ó ga dé ìbàdí yín, ibi tí omi dé lọ́jọ́ òjò nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ilẹ̀ gbẹ táútáú, koríko wà lórí wáyà níbi tó bá àyà mi dọ́gba, mo kàn dúró mò ń wò ó.

Ibi gíga ni kẹ́ ẹ páàkì sí, kí iwájú mọ́tò kọjú sí ọ̀nà àbájáde. Ẹ sá fún abẹ́ igi mesquite bó ti wù kí òjìji ẹ̀ tutù tó, ẹ̀gún ẹ̀ ń lu táyà. Ẹ̀gbẹ́ tí fíríìjì wà, ẹ jẹ́ kó kọjú sí àríwá kí oòrùn ọ̀sán má bàa máa jó o, ẹ sì bo táyà lójú.

Ẹ wò ó: ẹ gbé omi sínú àwo pẹrẹsẹ sórí tábìlì, kó má dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fíríìjì RV tó ń lo gáàsì ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa tí mọ́tò bá dagun. Ẹ kọ àdírẹ́sì, kóòdù géètì àti nọ́ḿbà GPS ibẹ̀ sára ilẹ̀kùn fíríìjì, torí ẹni tí jìnnìjìnnì bá bá ò ní rántí àdírẹ́sì tó máa sọ fún 911, nọ́ḿbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà.

3. Omi

Màlúù kan nígbà ooru lè mu gálọ́ọ̀nù 20 sí 30 lójúmọ́ (gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan jẹ́ nǹkan bíi líítà 3.8), ẹṣin kan lè mu 10 sí 20 tí oòrùn bá le. Ráńṣì kékeré tó ní màlúù 20 àti ẹṣin 4 lè lo 500 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, ẹ ò tíì wẹ̀ o.

Nígbà tí onílé ṣì wà nílé, ẹ ní kó bá yín tẹ̀ lé omi lẹ́sẹ̀, látẹnu kànga dé ẹnu ẹran. Bíréékà pọ́ǹpù, táǹkì ńlá, táǹkì kékeré tó ń ti omi, gbogbo ẹnu táàpù tó ń ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, títí kan ọpọ́n tó jìnnà jù. Ẹ máa ya fídíò bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín ṣí i kẹ́ ẹ tún tì í, ẹni tó bá kàn ń wòran ò ní rántí mọ́ tílẹ̀ bá ṣú.

Nínú ọpọ́n kọ̀ọ̀kan ni fúlóòtì wà, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó bíi ti inú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí omi bá kún á gbé e sókè, á sì ti ẹnu omi. Omi àgbègbè yẹn máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ lára gbogbo ohun tó bá kàn, ẹfun yẹn ló ń mú ọwọ́ fúlóòtì gan, tí ò fi ní lè ti ẹnu omi mọ́. Ohun tó ṣe wá ní Willcox nìyẹn. Lóru ọjọ́ kejì fúlóòtì gan, omi ń ṣàn gba ẹ̀yìn ọpọ́n wọnú iyanrìn, iyanrìn sì ń mu ún láìfọhùn, kò sí adágún omi kankan tá a lè rí. Omi tó ń dà ní gálọ́ọ̀nù 5 níṣẹ̀ẹ́jú kan máa gbẹ táǹkì 2,500 gálọ́ọ̀nù láàárín wákàtí 8 àti díẹ̀, oorun alẹ́ kan péré nìyẹn. Sólà ló sì ń fa pọ́ǹpù ibẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ lóru. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo gbá ara táǹkì, ó dún bí ìlù, àwọn màlúù tó wà ní ọpọ́n kejì sì ti lá tiwọn gbẹ. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ aládùúgbò ló fi mọ́tò ẹ̀ gbé ike omi 275 gálọ́ọ̀nù wá fún wa, ó tún fi sípánà gbá ẹfun ara fúlóòtì náà dànù níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún. Mi ò lè gbàgbé ọkùnrin yẹn.

Ohun tá à ń ṣe láràárọ̀ báyìí rèé, kí oòrùn tó le. Ẹ fi ọwọ́ yín pa ara táǹkì láti òkè wá sílẹ̀, ibi tí omi dé, títutù ẹ̀ máa yàtọ̀ sí ti òkè, ẹ fi máákà sàmì síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ lọ síbi ọpọ́n kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ fúlóòtì sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ omi tó ń tú jáde, ẹ fi í sílẹ̀, kó dákẹ́ pátápátá. Tí ò bá dákẹ́, tó ń sín kékeré, ẹ má sùn lé e lórí. Ẹ fi pákó kan dagun sínú ọpọ́n kí ẹyẹ, alángbá àti oyin tó bá já sínú ẹ̀ rí ibi gùn jáde, torí tí wọ́n bá kú sínú ẹ̀, omi á rà.

Níbi táǹkì kékeré, mítà tó ń wọn agbára omi máa ń wà lára páìpù. Lọ́pọ̀ ilé, pọ́ǹpù á ṣí ní 40 psi, á pa ní 60. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí bọ́tìnnì ẹ̀ ń dún ta, ta, ta, tó ń ṣí tó ń pa láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú táǹkì yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe kó tó jó pọ́ǹpù. Tí pọ́ǹpù bá sì ń ṣiṣẹ́ tí omi ò jáde, ẹ já bíréékà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀! Omi ló ń mú mọ́tò pọ́ǹpù inú kànga tutù, tó bá ń yí lórí òfo ó máa jóná, fífa òmíràn sókè látìsàlẹ̀ kànga kì í ṣe owó kékeré.

Omi tó kọ́kọ́ máa jáde látinú hóòsì tó wà nínú oòrùn lè bó èèyàn lára, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tó fi fún ajá tàbí kẹ́ ẹ wọ́n ẹṣin. Nígbà òtútù ẹ̀wẹ̀, Willcox ga ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, omi ń dì lóru níbẹ̀, ẹ yọ hóòsì RV kúrò lẹ́nu táàpù kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ sì fọ́ yìnyín ojú ọpọ́n láàárọ̀. Omi kànga míì ní arsenic, tó jẹ́ oró, nínú, tí onílé ò bá lè fi èsì àyẹ̀wò hàn yín, omi rírà ni kẹ́ ẹ máa mu.

Ẹ wò ó: ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ ti gbogbo táàpù pa, ẹ kọ nọ́ḿbà tó wà lójú mítà ara páìpù sílẹ̀, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí nọ́ḿbà náà bá wálẹ̀, omi ń jò níbì kan. Ẹ wá a rí kí onílé tó lọ.

4. Iná RV

Ọ̀pọ̀ ráńṣì ni ò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì RV. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó wà lára ògiri jẹ́ 15 amp ní fóltì 120, wọ́ọ̀tì 1,800 péré lápapọ̀, kò lè gbé AC àti máíkírówéfù pọ̀, tẹ́ ẹ bá sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn fà á, wáyà yẹn á gbóná títí á fi yọ́. RV 30 amp ń fẹ́ fóltì 120 kan náà, á gbé wọ́ọ̀tì 3,600.

Ibi tó ń ba RV jẹ́ jù rèé: nínú ṣẹ́ẹ̀dì ráńṣì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan sábà máa ń wà fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin, onílé á fi inú rere sọ pé "ẹ fi ti RV sí ibẹ̀ yẹn, agbára ẹ̀ pọ̀". Fóltì 240 ni. Tẹ́ ẹ bá fi àdápítọ̀ so RV 30 amp mọ́ ọn, fíríìjì, AC, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹ̀ lè jóná kẹ́ ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, mítà ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ẹ wò ó: mítà kọ́kọ́ sọ nǹkan bíi 120, surge protector wọlé láìpariwo, ẹ wá tan AC nìkan fún wákàtí kan, ẹ fi ọwọ́ kan orí wáyà. Tó bá gbóná débi pé ẹ ò lè di í mú, ẹ yọ ọ́.

5. Ẹran

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ní aago kan náà tí onílé ń lò. Ẹ má yí oúnjẹ ẹṣin padà lójijì, ẹ má sì fi ojú díwọ̀n koríko, ìdì kan alfalfa (koríko gbígbẹ tí ẹṣin ń jẹ) lè wúwo ju òmíràn lọ dáadáa, ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má dà á sórí iyanrìn, ẹṣin á máa gbé iyanrìn mì, á sì kó sí i nínú. Ẹṣin kì í bì, ohun tó bá wọnú ẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹṣin tó bá kọ oúnjẹ, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀ tàbí tó ń yí gbiri, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú ẹ̀, ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kílẹ̀ mọ́ ná.

Géètì: bẹ́ ẹ ṣe bá a ni kẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn mọ̀ pé kí wọ́n ti èyí tí wọ́n bá ní títì, àmọ́ èyí tí wọ́n bá ní ṣíṣí ni wọ́n ń tì nítorí inú rere, ó sì lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ni màlúù ń gbà lọ mumi. Ẹ ka màlúù nírọ̀lẹ́ níbi omi, wọn ò ṣeé kà nínú igbó.

Adìẹ, ẹ tì wọ́n mọ́lé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí coyote (ẹranko igbó tó jọ ajá) kì í pẹ́ dé. Tí ajá bá sì fi ẹnu kan ọ̀pọ̀lọ́ ńlá tó máa ń jáde nígbà òjò (Sonoran Desert toad), oró wà lára ẹ̀, ẹ fi hóòsì fọ ẹnu ajá láti ẹ̀gbẹ́ kí omi máa dà síta, kó má wọ ọ̀fun ẹ̀, kẹ́ ẹ pe dókítà.

Ẹ wò ó: ẹran jẹun tán, ìgbẹ́ wọn rí bíi tàná, iye wọn pé. Ẹ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí onílé lálẹ́, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

6. Ejò, àkeekèé, eku

Ẹ má ti ọwọ́ bọ ibi tójú yín ò tó, bóyá abẹ́ koríko gbígbẹ, abẹ́ tápólì, tàbí abẹ́ RV. Rattlesnake, ejò olóró ibẹ̀, máa ń mi ìrù bíi ṣẹ́kẹ́rẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń kìlọ̀. Ẹ fún un láyè, ẹ má pa á, ọ̀pọ̀ tí ejò ń bù jẹ ni wọ́n fẹ́ pa á. Tó bá bu èèyàn jẹ, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́jẹ́, ẹ pe 911. Nọ́ḿbà àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí oró ni 1-800-222-1222, jákèjádò Amẹ́ríkà ni. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so okùn, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Ọsibítù ló ní oògùn ẹ̀.

Àkeekèé máa ń tàn yòò lábẹ́ iná UV, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹn yẹ ibùsùn wò, kẹ́ ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Òòyà tí mo sọ, ti cholla ni, káktọ́ọ̀sì ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń so mọ́ ara ajá àti ẹsẹ̀ èèyàn, òòyà lẹ máa fi tì í kúrò, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ fà á, ọwọ́ náà á di tiẹ̀.

Eku packrat ń jẹ wáyà ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lálẹ́, ẹ gbé iná kékeré síbẹ̀, òkùnkùn ló ń fẹ́.

Ẹ wò ó: tó bá jẹ́ pé láàárọ̀ kò sí igi wẹ́wẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì, eku ò tíì kọ́lé.

7. Òjò àti ìdọ̀tí

Àsìkò òjò monsoon bẹ̀rẹ̀ ní June 15, ó parí ní September 30. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, kí oòrùn máa ràn lórí yín, kí àgbàrá sì ya dé. Omi tó ga ní ínṣì 12 tó ń sáré lè gbé mọ́tò kékeré lọ, ẹ má fi RV dán an wò. Òfin Arizona sì ní kí ẹni tó bá kọjá ìdènà wọnú omi san owó tí wọ́n fi yọ ọ́. Ẹ ra oúnjẹ tó máa tó ọ̀sẹ̀ kan sílé, kẹ́ ẹ lè jókòó títí omi á fi fà. Tí ìjì eruku bá ká yín mọ́ títì, ẹ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ẹ pa gbogbo iná, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa tẹ̀ lé iná pupa yín wá kọlù yín.

Ìgbẹ́ RV: ẹ ò gbọdọ̀ dà á sílẹ̀, bí aṣálẹ̀ ti wù kó fẹ̀ tó. Ẹ bi onílé bóyá ihò wà tó lọ sí soakaway ẹ̀, tí kò bá sí, ẹ wá ibi tí wọ́n ń dà á sí nítòsí kẹ́ ẹ tó wọlé pẹ̀lú táǹkì tó ti kún.

8. Ẹ dá a padà

Ẹ má lọ kí onílé tó dé. Ọkọ̀ òfuurufú máa ń pẹ́, ẹran ò sì mọ̀. Tó bá ti sinmi díẹ̀, ẹ jọ gba ojú ọ̀nà omi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi àmì máákà ojoojúmọ́ hàn án, ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ kó tó rí i fúnra ẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà tó sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣiṣẹ́ sí, òun lonílé tó kàn máa béèrè. Lẹ́yìn náà ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kùtù nígbà tó ṣì tutù, ẹ ka nọ́ḿbà 4 tó gbẹ̀yìn lára DOT, kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sára táyà (2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019), kẹ́ ẹ mọ bó ṣe gbó tó. Ẹ yọ wáyà, ẹ ká hóòsì, ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò kẹ́ ẹ tó ṣíná, torí ológbò ráńṣì fẹ́ràn òjìji táyà gan-an.